Owó Epo Dísù fún Ọkọ̀ Àjàgbé: Bí Awakọ̀ Ṣe Ń San Án àti Bí A Ṣe Lè Ṣètò Rẹ̀

Ìpínlẹ̀ Ògùn wà lójú ọ̀nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ àjàgbé tí ń kó ẹrù láti èbúté Àpápá lọ sí àwọn ìlú yòókù ní Nàìjíríà. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gba inú ìpínlẹ̀ náà kọjá, Ṣàgámù sì ni ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Benin ti yà. Símẹ́ǹtì ń jáde láti Ewékorò àti Ìbèsè, Ògèrè sì jẹ́ ibùsọ̀ tí awakọ̀ tírélà mọ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí, dísù ni wọ́n ń jẹ, owó dísù náà sì ni ìnáwó tó tóbi jù lọ nínú ọ̀pọ̀ ìrìn-àjò wọn.

A kọ àlàyé yìí fún awakọ̀, fún ẹni tó ni ọkọ̀, àti fún oníṣòwò tàbí àgbẹ̀ tí ń háyà ọkọ̀ láti kó ẹrù. A ó sọ bí a ṣe ń san owó epo lójú ọ̀nà, àǹfààní àti ewu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń ṣírò iye epo tí ìrìn-àjò yóò gbà, àti ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú àdéhùn. Ohun pàtàkì kan ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: bí a bá ṣe san owó epo ni awakọ̀ yóò ṣe wa ọkọ̀. Ètò owó tí kò dára kì í ba èrè nìkan jẹ́. Ó lè gba ẹ̀mí ní orí òkè.

Ìdí tí iye owó dísù fi ń yí padà

Ìjọba kì í fi iye kan lé dísù. Ọjà ni ó ń pinnu rẹ̀: iye epo rọ̀bì lágbàáyé, iye tí a ń ṣẹ́ náírà sí dọ́là, owó ìfọpo, àti owó gbígbé epo láti ibi ìkópamọ́ dé ilé-epo. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, dísù kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ó ti wà lábẹ́ agbára ọjà kí ọjọ́ náà tó dé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, lítà dísù kan kò tó ₦300. Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní oṣù Kejì ọdún náà, iye rẹ̀ ń gòkè títí tó fi kọjá ₦800 kí ọdún tó parí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dísù. Ní oṣù Kẹrin, ó dín iye tí ó ń tà á kù láti ₦1,200 sí ₦1,000. Ohun tí èyí fi hàn ni pé iye owó epo lè yí padà lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbéra, kí ó tó padà wálé.

Iye owó náà tún ń yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bí ọkọ̀ bá ṣe ń jìnnà sí etíkun àti sí ibi ìkópamọ́ epo ni dísù ń wọ́n sí i. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ tí ń lọ sí òkè Ọya fi máa ń rọ epo kún táńkì ní Èkó tàbí ní Ògùn kí wọ́n tó gbéra. Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè, tí a mọ̀ sí NBS, máa ń gbé ìròyìn iye owó dísù jáde ní ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ó dára kí ọlọ́kọ̀ àti awakọ̀ jọ wò ó kí wọ́n tó fi ẹnu kò lórí owó.

Àwọn ọ̀nà tí a ń gbà san owó epo

Owó ọwọ́. Èyí ni ó pẹ́ jù, kò sì sí ilé-epo tí kì í gbà á. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà sínú ọkọ̀ ti di ẹni tí olè lè máa ṣọ́, owó ọwọ́ kì í sì í fi ẹ̀rí sílẹ̀ bí a kò bá gba rìsíìtì. Nígbà tí owó náírà tuntun wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, gbogbo wa ni a rí i pé ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí owó ọwọ́ lè dúró sójú kan láìlè lọ síwájú tàbí padà sẹ́yìn.

Fífi owó ránṣẹ́ sí ilé-epo. Awakọ̀ yóò pe ọlọ́kọ̀ lórí fóònù nígbà tí ó bá dé ilé-epo, ọlọ́kọ̀ yóò sì fi owó ránṣẹ́ láti báńkì rẹ̀ tààrà sí àkáǹtì ilé-epo náà. Owó kò gba ọwọ́ awakọ̀ kọjá, ẹ̀rí sì wà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé nẹ́tíwọ̀kì lè má dára, tàbí kí ọlọ́kọ̀ ti sùn nígbà tí ọkọ̀ nílò epo ní òru. Nítorí ayédèrú ìfitónilétí owó tó pọ̀ nígboro, ilé-epo lè ní kí awakọ̀ dúró títí owó yóò fi wọlé ní ti gidi. Ẹ rí i dájú pé orúkọ ilé-epo ni ó wà lórí àkáǹtì tí ẹ ń sanwó sí, kì í ṣe orúkọ ẹni tí ń fa epo.

Káàdì báńkì àti ẹ̀rọ POS. Ọlọ́kọ̀ lè fi owó epo sínú àkáǹtì kan, kí awakọ̀ máa fi káàdì rẹ̀ san án. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí owó epo ní àkáǹtì tirẹ̀, kí ó má ṣe dàpọ̀ mọ́ owó oṣù awakọ̀. Bí méjèèjì bá dàpọ̀, kò ní pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ èyí tí ó jẹ́ ti epo àti èyí tí ó jẹ́ ti oúnjẹ ọmọ.

Káàdì epo. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo ńlá kan máa ń ta káàdì tí a kò lè fi ra ohun mìíràn ju epo lọ ní ilé-epo tiwọn. A lè so ó mọ́ nọ́mbà ọkọ̀ kan, kí a fi òdiwọ̀n sí iye tí a lè rà ní ọjọ́ kan, kí ọlọ́kọ̀ sì rí àkọsílẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ó dára púpọ̀ fún ẹni tó ní ọkọ̀ mélòó kan. Àléébù rẹ̀ ni pé ilé-epo ilé-iṣẹ́ náà lè má sí ní ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà. Ẹ má ṣe kọ nọ́mbà àṣírí káàdì sí ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí sí ara ọkọ̀, nítorí ẹni tó bá rí méjèèjì pọ̀ ti rí owó yín.

Àwìn. Ọlọ́kọ̀ lè bá ilé-epo kan ní Ṣàgámù tàbí Ògèrè ṣe àdéhùn pé kí ọkọ̀ òun máa gba epo, kí òun sì san gbogbo owó ní òpin ọ̀sẹ̀ tàbí òpin oṣù. Awakọ̀ yóò fọwọ́ sí ìwé ní ìgbàkúùgbà tó bá gba epo. Ó ń gba awakọ̀ lọ́wọ́ wàhálà owó, ṣùgbọ́n lítà kan lè wọ́n ju ti owó ọwọ́ lọ. Bí ìwé kò bá sì jẹ́ méjì, ọ̀kan fún ilé-epo, ọ̀kan fún ọlọ́kọ̀, a lè fi lítà tí kò wọ inú táńkì kún un.

Ní ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ọkọ̀ wọn pọ̀, wọ́n máa ń ní ẹ̀rọ epo nínú ọgbà tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń wọn epo fún ọkọ̀ kí ó tó jáde. Síbẹ̀, ọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn ṣì máa nílò ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí a kà sílẹ̀ lókè yìí.

Ewu tó wà nínú owó epo tí a dá lé awakọ̀ lórí

Àṣà kan wà tí ó wọ́pọ̀: ọlọ́kọ̀ á gbé owó kan lé awakọ̀ lọ́wọ́ fún gbogbo ìrìn-àjò, á sì sọ pé, «Èyí tó bá ṣẹ́kù, tìrẹ ni, èyí tí kò bá tó, ìwọ ni o mọ̀.» Ó rọrùn lójú, ó sì dà bí ẹni pé ó ń kọ́ awakọ̀ láti máa ṣọ́ epo lò. Ṣùgbọ́n nígbà tí iye owó epo bá gòkè lójú ọ̀nà, awakọ̀ nìkan ni ó ń ru ẹrù náà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó sì máa ń tẹ̀ lé e.

Èkíní ni kí ó ra epo pọ́ọ́kú nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà. Irú epo bẹ́ẹ̀ lè ní omi nínú, wọ́n lè ti pò ó mọ́ kẹrosíìnì, ó sì lè jẹ́ èyí tí a fọ̀ nínú igbó láìbófinmu. Ó ń ba ẹ̀yà tí ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì jẹ́, owó àtúnṣe rẹ̀ sì máa ń ju èrè tí a rò pé a jẹ lọ.

Èkejì ni kí ó di ẹrù kún ẹrù lójú ọ̀nà, tàbí kí ó gbé èrò sórí ẹrù, kí ó lè rí owó tí yóò fi dí àlàfo náà. Ẹ̀mí ni ó ń fi wewu.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù. Bí ọkọ̀ bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, awakọ̀ á yọ jíà kúrò, á jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú èrò pé òun ń dá epo sí. Nígbà tí ọkọ̀ wà nínú jíà, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ó ń bá bíréèkì dá ọkọ̀ dúró. Bí a bá yọ jíà, gbogbo ìwúwo ọkọ̀ àti ẹrù á wà lórí bíréèkì nìkan. Bíréèkì á gbóná, kò sì ní mú mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá tún kú, afẹ́fẹ́ tí bíréèkì ń lò kò ní kún padà mọ́, ọwọ́ ìdarí ọkọ̀ á sì le koko. Ohun tó yẹ kí gbogbo awakọ̀ mọ̀ ni pé èrè tí wọ́n ń wá níbẹ̀ kò sí. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú jíà, tí ẹsẹ̀ kò sí lórí ìtẹ̀ epo, epo tí ń wọ inú ẹ́ńjìnnì kò tó nǹkan, ó tilẹ̀ máa ń dá pátápátá nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní. Ọkọ̀ tí a yọ jíà rẹ̀ ṣì ń jó epo kí ẹ́ńjìnnì má baà kú.

Bí a ṣe ń ṣírò epo ìrìn-àjò kan

Ọkọ̀ àjàgbé tó gbé ẹrù kún lè jẹ nǹkan bíi lítà 35 sí 45 fún kìlómítà 100, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí ọkọ̀, ìwúwo ẹrù àti bí ọ̀nà ṣe rí. Bí kò bá gbé ẹrù, ó máa ń dín kù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìrìn-àjò kan ṣe àpẹẹrẹ. Láti Èkó dé Kano tó nǹkan bíi kìlómítà 1,000. Kí a sọ pé ọkọ̀ ń jẹ lítà 40 fún kìlómítà 100 ní àlọ, àti lítà 30 ní àbọ̀ nígbà tí kò gbé nǹkan kan. Àlọ yóò gba lítà 400, àbọ̀ yóò gba lítà 300, gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà 700. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦1,000, owó epo jẹ́ ₦700,000. Bí lítà kọ̀ọ̀kan bá fi ₦100 gbówó lórí kí ọkọ̀ tó ra epo náà, ₦70,000 ti kún un. Bí a kò bá ti sọ ẹni tí yóò san ₦70,000 yìí kí ọkọ̀ tó gbéra, ìjà ni yóò dà ní ọjọ́ tí ó bá padà dé.

Ẹ ṣírò àkókò ìdúró náà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá tí ó ń ṣiṣẹ́ lójú kan lè jó nǹkan bíi lítà 3 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ tó tò fún wákàtí 10 lẹ́nu ọ̀nà èbúté láìpa ẹ́ńjìnnì ti jó bíi lítà 30 láìrìn.

Ìwé àkọsílẹ̀ epo

Kí ìwé kékeré kan máa wà nínú ọkọ̀ fún epo nìkan. Ní ìgbàkúùgbà tí a bá ra epo, kí awakọ̀ kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀:

– ọjọ́ àti ìlú tí a ti rà á;
– iye kìlómítà tí aago ọkọ̀ fi hàn;
– iye lítà, iye owó lítà kan, àti àpapọ̀ owó;
– ọ̀nà tí a gbà san án;
– nọ́mbà rìsíìtì.

Láti mọ iye tí ọkọ̀ ń jẹ, ẹ rọ epo kún táńkì, kí ẹ kọ kìlómítà sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún rọ ọ́ kún, ẹ wo iye lítà tí ó gbà àti iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn. Bí ọkọ̀ bá rin kìlómítà 620, tí ó sì gba lítà 260 kí ó tó kún padà, ẹ pín 260 sí 620, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100: nǹkan bíi lítà 42 fún kìlómítà 100 ni.

Ìwé yìí ń dáàbò bo ẹni méjèèjì. Àwọn kan wà tí ń fa epo inú táńkì tà lójú ọ̀nà; àkọsílẹ̀ yóò tú àṣírí wọn. Àwọn mìíràn sì wà tí a pè ní olè láìṣẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tó ti gbó, asẹ́ afẹ́fẹ́ tó dí tàbí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó ni ó ń jẹ epo ní àjẹjù. Bí iye lítà bá ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù dé oṣù, ẹ kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bí ó bá ṣàdédé fò sókè ní ìrìn-àjò kan ṣoṣo, ìbéèrè ti tó bi nìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá wà nídìí ẹ̀rọ epo

Ẹ rí i pé mítà wà ní òdo kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo, kí iye owó lítà tí ó wà lójú ẹ̀rọ sì bá èyí tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà mu. Ẹ mọ iye lítà tí táńkì ọkọ̀ yín gbà. Bí mítà bá sọ pé lítà 420 ti wọ inú táńkì tí kò gbà ju 400 lọ, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá ń ṣe yín bíi pé ẹ̀rọ kò wọn epo péye, ẹ lè ní kí wọ́n fi ohun èlò ìwọnpo wọ̀n ọ́n lójú yín.

Bí epo bá ń fu yín lára, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀ kedere, kí ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Dísù fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà omi yóò rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Ẹ máa da omi inú asẹ́ epo ọkọ̀ nù déédéé kí ẹ tó gbéra. Ẹ má sì ṣe kúrò nídìí ẹ̀rọ láìgba rìsíìtì. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún yín ní ẹ̀tọ́ sí àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ rà.

Àdéhùn láàárín ọlọ́kọ̀ àti awakọ̀

Àwọn àgbà sọ pé oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Bí awakọ̀ bá tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá ọlọ́kọ̀, kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀. Ó kéré tán, kí ó dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí:

– Lítà mélòó ni ìrìn-àjò yìí yẹ kí ó gbà? Kí a fi lítà ṣe òdiwọ̀n, kì í ṣe owó nìkan.
– Bí iye owó bá gòkè tàbí tí ó bá wálẹ̀ lójú ọ̀nà, ta ni yóò ru ú, ta ni yóò sì jèrè rẹ̀?
– Bí ọkọ̀ bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tàbí tí ó bá dúró pẹ́ ní èbúté, báwo ni a ó ṣe ṣírò epo àkókò náà?
– Ta ni awakọ̀ yóò pè ní òru bí owó kò bá jáde?
– Bí epo bá ṣẹ́kù, báwo ni a ó ṣe pín èrè rẹ̀?

Ní ti ìbéèrè tó gbẹ̀yìn, a gbà yín nímọ̀ràn pé kí owó ìdánilọ́lá awakọ̀ má ṣe dúró lórí epo nìkan. Kí ẹ fi àbọ̀ ọkọ̀ ní àlàáfíà, ẹrù tó pé àti ìwé àkọsílẹ̀ tó péye kún un. Bí epo tó ṣẹ́kù nìkan bá ń mú owó wá, a ti tún ti awakọ̀ padà sídìí yíyọ jíà lórí òkè nìyẹn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń háyà ọkọ̀

Owó epo wà nínú owó ọkọ̀ tí oníṣòwò ń san, ọjà sì ni gbogbo wa ti ń san án nígbà tí a bá ra iṣu, tòmátò tàbí símẹ́ǹtì. Kí ẹ tó di ẹrù, ẹ béèrè bóyá dísù wà nínú iye tí wọ́n pè fún yín tàbí kò sí níbẹ̀, àti ẹni tí yóò san àfikún bí epo bá wọ́n sí i. Apá kan owó ni a sábà máa ń san nígbà tí ọkọ̀ bá di ẹrù tán, kí awakọ̀ lè fi ra epo. A ó san ìyókù nígbà tí ẹrù bá gúnlẹ̀. Ẹ kọ méjèèjì sórí ìwé ẹrù. Ẹni tó bá fi agídí na owó ọkọ̀ wálẹ̀ títí tí kò fi ku owó epo tó péye, ẹrù òun gan-an ni ó ń fi wewu.

Ibi tí ẹ lè fẹjọ́ sùn

Bí ilé-epo bá ń ta epo tó ní àdàlù tàbí tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò wọn epo péye, NMDPRA ni àjọ tí òfin ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ti ọdún 2021 gbé ìmójútó ilé-epo lé lọ́wọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fún yín ní rìsíìtì tàbí tí wọ́n rẹ́ yín jẹ, ẹ kọ̀wé sí FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà. Bí owó bá kúrò nínú àkáǹtì yín tí kò dé ilé-epo, ẹ kọ́kọ́ fi tó báńkì yín létí, kí ẹ sì tọ́jú nọ́mbà ìdánimọ̀ ìsanwó náà. Bí báńkì kò bá yanjú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìdáàbòbò oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú pópó, ẹ pe àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, lórí 122. Bí epo bá dà sílẹ̀, ẹ jìnnà síbẹ̀, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn láti bù ú.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Inú ọgbà ọkọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó dún, ni ó yẹ kí ọlọ́kọ̀ àti awakọ̀ ti parí ọ̀rọ̀ owó epo.